Ìrẹsì Pupa ti Kédùwá

Bí Sàbírátù bá já béélì aṣọ òkìrìkà ní ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Race Course, kì í kọ́kọ́ wo èyí tí yóò tà. Á tẹ́ àwọn aṣọ ọmọdé náà sórí pátákó, á máa fi ọwọ́ pa wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá nípọn, tí bọ́tìnnì rẹ̀ pé, tí kò ya lábíyá, á ká a sínú àpò funfun kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń tajà mọ àpò náà dáadáa. Àpò òkè ni wọ́n ń pè é.

"Ìyá Hùdà, àwọn ará òkè yìí ti jẹ èrè rẹ tán o," ni obìnrin tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa ń wí.

"Jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́," ni Sàbírátù máa ń dáhùn. "Òtútù orí òkè kò mọ̀ bóyá aṣọ tà tàbí kò tà."

Kì í ṣe olówó. Kumasi ní Ghana ni wọ́n bí i sí, bàbá bàbá rẹ̀ ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣòwò níbẹ̀. Èdè Twi ló fi ń ná ọjà, Yorùbá ló fi ń bá ọmọ wí. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo ló sì fi sílẹ̀ fún un, Hùdà, tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú mìíràn. Yàrá méjì ni wọ́n ń gbé ní Bantama, kò jìnnà sí ilé ìwòsàn ńlá. Ilé ìwòsàn yẹn ni ọ̀rọ̀ òkè ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, ó gbé ògì lọ fún aládùúgbò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ níbẹ̀. Bí ó ṣe ń bọ̀, ó rí ìyá arúgbó kan tó jókòó sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó gbé ọmọbìnrin kékeré kan lé itan. Àyà ọmọ náà ń lọ sókè sódò bí ẹwìrì. Ọkùnrin kan dúró tì wọ́n, ó ń wo gbogbo ẹni tó ń kọjá bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan tí ojú sì ń tì í. Sàbírátù kí i ní Twi, ó sì dáhùn. Kwasi ni orúkọ rẹ̀. Ó ti ṣe lébìrà rí ní oko kòkó lẹ́bàá Kumasi, ibẹ̀ ló ti gbọ́ Twi. Ìyá arúgbó náà ń jẹ́ Yáwà, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ni Gifty, ọmọ ọdún mẹ́rin. Kédùwá ni wọ́n ti wá, abúlé kan lórí àwọn òkè tó pààlà pẹ̀lú Tógò. Láti ilé ìwòsàn kan ni wọ́n ti ń darí wọn sí òmíràn títí wọ́n fi dé Kumasi, wọn kò sì mọ ẹnì kankan níbẹ̀.

"Ẹ ti mọ èèyàn báyìí," ni Sàbírátù wí.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni Kwasi àti Yáwà fi sùn sí yàrá Hùdà. Gifty yè é. Ní àárọ̀ tí wọ́n ń lọ, Yáwà di ọrùn ọwọ́ Sàbírátù mú, ó sọ̀rọ̀ gígùn kan ní èdè tirẹ̀. Kwasi túmọ̀ rẹ̀ ní kúkúrú: "Ó ní o ní ilé lórí òkè."

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn Sàbírátù. Ó bá Isaac sọ ọ́, ọmọ ìjọ kan tó ń ta oògùn òyìnbó ní Adum, tí bàbá rẹ̀ àti bàbá Sàbírátù jọ dàgbà. Ó bá Àúdù sọ ọ́, ẹni tó ní bọ́ọ̀sì kékeré kan. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, àwọn méje yọ̀ǹda ara wọn, Mùsùlùmí mẹ́rin, ọmọ ìjọ mẹ́ta. Wọ́n di oògùn ibà, iyọ̀, ọṣẹ, àwọ̀n ẹ̀fọn àti àpò òkè kún inú bọ́ọ̀sì. Ibi tí ọ̀nà ọkọ̀ ti parí ni wọ́n ti ru ẹrù náà lórí, wọ́n sì ń gun òkè láti àárọ̀ títí di àsìkò ìrun àìlà. Àúdù ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, ó ní bí òun bá mọ̀ pé Ọlọ́run gbé àwọn èèyàn sí ibi gíga báyìí, òun ì bá ti máa gbàdúrà sókè dáadáa.

Wọ́n tọ́jú àwọn aláìsàn fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ̀kalẹ̀, àwọn obìnrin abúlé tò sí ojú ọ̀nà, olúkúlùkù gbé igbá ìrẹsì kan dání. Ìrẹsì orí òkè ni, pupa bí osùn, wọ́n ti gún un, wọ́n sì ti fẹ́ ìyàngbò rẹ̀ kúrò. Kwasi ṣàlàyé fún wọn pé ní Kédùwá, ẹni tó bá mú nǹkan wá kò gbọdọ̀ lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹni tó bá sì fúnni ní nǹkan kò gbọdọ̀ sọ bó ṣe rí i.

Isaac fa Sàbírátù sẹ́yìn. "Ìyá Hùdà, àwọn tí a wá ràn lọ́wọ́ la tún ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ wọn? Ẹ jẹ́ ká dá a padà."

"Hàbá, Isaac! Ta ló kọ́ ẹ nílé?" ni Sàbírátù wí. "Ẹni tó dá ọrẹ padà ti bú ẹni tó ta á lọ́rẹ. Àbí ẹni tí kò ní kì í ní iyì ni? Gbà á. Ọwọ́ méjèèjì ni kí o fi gbà á."

Isaac fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Ìrẹsì náà dùn ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Nígbà tí Sàbírátù sè é, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá kan. Ó pín in fún aládùúgbò, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá tọ́ ọ wò pé àwọn ará òkè mọ oore. "Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni," ni ó ń wí. "Àwọn yẹn kì í ṣe ọlọ́ṣà. Ẹ wo ọpẹ́ nínú àwo yín." Báyìí ni iye àwọn tó fẹ́ bá wọn lọ ṣe ń pọ̀ sí i. Àwọn kan ń lọ nítorí Ọlọ́run, àwọn kan ń lọ nítorí ìrẹsì, òun náà sì ń fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yí padà. Oṣù Kejìlá ni ọjà gbóná jù, àwọn ọlọ́jà kò fẹ́ ti ìsọ̀. Wọ́n bá fohùn ṣọ̀kan pé kí ìrìn àjò máa wáyé ṣáájú ààwẹ̀ Ràmàdánì, nígbà tí ọjà ti tutù, tí ojú ọ̀nà òkè sì ti gbẹ. Ó bọ́gbọ́n mu. Kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ ará Kédùwá bí àsìkò náà ṣe rí fún wọn.

Ní ọdún kejì, wọ́n pé méjìlá. Àwọn obìnrin tún tò sí ojú ọ̀nà pẹ̀lú igbá, ṣùgbọ́n ìrẹsì tó wà níbẹ̀ wà nínú èèpo rẹ̀, wọn kò gún un.

Àúdù yọ́jú wo inú igbá, ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti rí wa tó! Àlejò ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n ń gún ìrẹsì fún. Àwa ti di ará ilé, ká lọ gún tiwa fúnra wa!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Sàbírátù náà rẹ́rìn-ín. Kwasi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún kẹta wọ́n pé méjìdínlógún, wọ́n sì mú oore wọn dé abúlé méjì mìíràn tó wà ní ìtòsí. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, Sàbírátù jókòó nínú ilé Yáwà, ó ń di irun Gifty. Yáwà gun àkàbà lọ sí àjà tó wà lókè ààrò, níbi tí èéfín ti ń bá agbọ̀n ìrẹsì. Ó pẹ́ lókè. Sàbírátù gbọ́ tí igbá ń ha ìdí agbọ̀n, hà, hà, hà. Ó gbọ́ ọ. Ó gbé ojú sókè díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún padà sídìí irun ọmọ. Nígbà tí Yáwà sọ̀kalẹ̀, igbá rẹ̀ kò kún, ó sì ti fi ewé bo ojú rẹ̀. Sàbírátù kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ti kọjá, òjò sì ti ń rọ̀ ní Kumasi nígbà tí Kwasi pè é lórí fóònù. Ó béèrè àlàáfíà rẹ̀. Ó béèrè àlàáfíà Hùdà, ti Isaac, ti Àúdù. Ó tún padà sórí Sàbírátù.

"Kwasi, ṣé kò sí o?"

"Kò sí, Maame. Òjò ti dé sọ́dọ̀ wa. A ti ṣán oko."

"Àlùhámúdù lílàhì."

Sàbírátù gbọ́ ìró ẹyẹ lọ́dọ̀ rẹ̀. "Ìrẹsì tí ẹ mú lọ," ni Kwasi wí níkẹyìn, "ǹjẹ́ ó ṣẹ́kù lọ́wọ́ yín?"

"Ṣé ẹ fẹ́ mọ̀ bó ṣe dùn tó ni?" Ẹ̀rín ń bọ̀ lẹ́nu Sàbírátù.

"Maame, má bínú. Kò yẹ kí n sọ ọ́. Bí Yáwà bá gbọ́ pé mo sọ ọ́, kò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ìrẹsì tó wà nínú èèpo, irúgbìn ni. Ní oṣù tí ẹ máa ń wá, a ti jẹ èyí tí a ń jẹ tán. Èyí tó wà lórí àjà nìkan ló ń kù."

Ẹ̀rín náà gbẹ. Sàbírátù jókòó lé béélì aṣọ. Kwasi ń sọ̀rọ̀ lọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ẹni tó ń jalè. Ó ní lọ́dún tó kọjá àwọn yá irúgbìn lọ́wọ́ àwọn abúlé ìtòsí, ṣùgbọ́n àwọn yẹn náà ti fi tiwọn tọrẹ fún àlejò lọ́dún yìí. Irúgbìn tí wọ́n ń tà nísàlẹ̀, ti ilẹ̀ àbàtà ni, kì í ṣe dáadáa lórí òkè. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí oko kòkó. Ọmọbìnrin Yáwà, ìyá Gifty, ti di ẹrù rẹ̀. Ó ní bí kò bá rí nǹkan gbìn nínú òjò yìí, òun yóò mú Gifty lọ, òun kò sì mọ ìgbà tí àwọn yóò padà.

"Yáwà kò ní èèyàn mìíràn nínú ilé," ni Kwasi wí. "Bí ó bá jẹ́ igbá méjì péré lẹ rí, yóò tó fún un láti bẹ̀rẹ̀."

Sàbírátù ti ìsọ̀ ní ọ̀sán gangan. Ó dé Adum, ó bá Isaac.

"A ti jẹ ẹ́ tán, Ìyá Hùdà. Ọjọ́ Àjíǹde la sè é." Isaac gbọ́ ìdí rẹ̀, ó sì yọ awò ojú rẹ̀ kúrò. Kò sọ pé òun ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ì bá sàn kó sọ ọ́.

Ìyàwó Àúdù ti fi tiwọn ṣe ìsọmọlórúkọ. Ilé mọ́kànlá ni Sàbírátù wọ̀ lọ́jọ́ náà, àti ọ̀pọ̀ tó pè lórí fóònù. Ní ilé kan, wọ́n fi ìyókù rẹ̀ hàn án nínú ìkòkò, tútù, pẹ̀lú ọbẹ̀ lórí. Ìgbà yẹn ló rántí òwe tí ìyá rẹ̀ máa ń pa, pé oúnjẹ ọmọ kékeré a máa wọ ọ̀nà ọ̀fun àgbà.

Nígbà tó wọlé, ó ṣí gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná. Lẹ́yìn àpò èédú, ó rí kẹ́ẹ̀gì kan. Ó yí ìdérí rẹ̀. Ìrẹsì oníèèpo ló kún inú rẹ̀, ti ọdún kejì àti ti ọdún yìí pọ̀. Ó ti gbàgbé pé Hùdà máa ń tọ́jú nǹkan bó bá wá sílé. Sàbírátù forí kanlẹ̀ níbi tó wà, lórí sìmẹ́ǹtì ìdáná, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kò pe Hùdà. Kí ni ì bá pè é sí?

Òun àti Àúdù nìkan ló lọ. Àúdù kò dá àpárá kankan lójú ọ̀nà. Sàbírátù fúnra rẹ̀ ló ru kẹ́ẹ̀gì náà gun òkè, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lórí òun.

Oko ti mọ́ rekete. Wọ́n ti sun koríko, wọ́n ti tú ilẹ̀, ilẹ̀ dúdú tutù náà là sílẹ̀, ó ń dúró de irúgbìn. Gifty sáré pàdé rẹ̀ pẹ̀lú súwẹ́tà pupa tó ti inú àpò òkè wá, ó ti kúrú sí i lọ́wọ́. Ìyá ọmọ náà ti gbọ́ pé ó ń bọ̀, ó ti tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Yáwà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ lu itan, ó sì fọwọ́ kan kẹ́ẹ̀gì náà bí ẹni ń kan orí ọmọ.

Kwasi da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Ó fi eyín gé ẹyọ kan. Ó dúró. Ó gé òmíràn. Ó gbé e sún mọ́ imú.

"Maame," ni ó wí jẹ́jẹ́, "ṣé omi gbígbóná kàn án?"

"Rárá o! Bó ṣe wà ni mo ṣe gbé e wá."

Ṣùgbọ́n bí ó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó bu díẹ̀ náà, ó wò ó. Ẹnu èèpo náà ti là díẹ̀-díẹ̀. Ó ní òórùn kan, òórùn ìdáná ìyá ìyá rẹ̀. Ó rántí Hùdà ní ọmọ ọdún méjìlá, tó dúró lórí àpótí nídìí ààrò, tí òun sì ń kọ́ ọ bí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ilé wọn ṣe ń tọ́jú ìrẹsì: bọ̀ ọ́ pẹ̀lú èèpo rẹ̀, sá a kó gbẹ, kòkòrò kò ní jẹ ẹ́, kò sì ní fọ́ nígbà tí o bá ń bó o. Òun ló kọ́ ọ. Ọmọ náà sì gbọ́ràn.

Yáwà kò gbà. Ó ní ó lè jẹ́ pé àwọn kan kù tí omi kò pa. Wọ́n rẹ ìrẹsì náà, wọ́n dì í sínú aṣọ tútù, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ààrò kó lè móoru. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi dúró. Ìyá Gifty kò tún ẹrù di, kò sì palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Sàbírátù ń kírun, ó ń jókòó, ó ń wo aṣọ yẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, Yáwà tú u níwájú gbogbo wọn. Òórùn kíkan jáde. Wọ́n fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí Yáwà fi dé ìdí aṣọ náà. Kò sí èyí tó yọ ẹnu.

Ìyá Gifty dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ.

Nígbà tí Sàbírátù fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ó yà gba ẹ̀yìn ilé kí wọ́n má baà rí òun. Kwasi wà níbẹ̀, Yáwà náà sì ti dúró dè é. Ó gbé igbá irúgbìn dání, igbá dúdú tí èéfín ti kùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfìfo. Kò sí nǹkan mìíràn nínú ilé tó lè gbé. Ó nà án sí i.

"Sọ fún un pé mi ò lè gbà á," ni Sàbírátù wí fún Kwasi. "Mo bẹ̀ ọ́. Sọ fún un pé kò sí nǹkan tí mo mú wá."

"Bí o bá kọ̀ ọ́," ni Kwasi wí, "o ti sọ pé o ò ní ilé níbí mọ́. Ohun tó kù fún un nìyẹn."

Sàbírátù kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Bọ́ọ̀sì Àúdù ló gbé Gifty àti ìyá rẹ̀ dé ìlú tí wọ́n ti máa wọ ọkọ̀ lọ sí oko kòkó. Ọmọ náà kò sunkún, nítorí kò wọ bọ́ọ̀sì láti ìgbà tó ti ṣàìsàn, ó sì ń wo ojú ọ̀nà. Ó béèrè bóyá ìyá àgbà yóò wọ bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Hùdà pè é ní ọjọ́ kejì tó délé. "Màámi, mo gbọ́ pé ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn lọ. Mo bọ̀ ọ́ fún yín ni o, kòkòrò ti fẹ́ máa wọ̀ ọ́. Ṣé kò dùn ni?"

"Ó dùn," ni Sàbírátù wí. "O ṣeun, ọmọ mi."

Àwọn tó kù ṣì ń bọ̀ wá bá a ní ìsọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n dáwó, kí wọ́n kó àpò ìrẹsì ọjà lọ, kí wọ́n lọ bẹ àwọn ará Kédùwá. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá gbé àpò ìrẹsì gun òkè náà, àwọn arúgbó tó kù níbẹ̀ yóò wá nǹkan tí wọ́n máa fi dá wọn lọ́lá. Wọ́n á ṣí ilé adìyẹ, wọ́n á mú ẹyọ kan tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí kò fi ní gba nǹkan lọ́wọ́ wọn mọ́ ni kó má lọ. Kwasi kò pè é mọ́, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì lọ mọ́.

"Ó ti rẹ̀ mí," ni ó ń sọ fún wọn.

Igbá dúdú náà wà lórí ìṣó lókè ibùsùn rẹ̀. Kì í bu nǹkan kan sínú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó já béélì tuntun. Ó bá súwẹ́tà kan nínú rẹ̀, aláwọ̀ ewé, nípọn, bọ́tìnnì rẹ̀ pé, yóò wọ ọmọ ọdún mẹ́jọ dáadáa. Ó pa á wò lábíyá. Ó ká a, ó yí ọwọ́ sẹ́yìn sí ibi tí àpò funfun máa ń wà. Àpò kò sí níbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ó tú súwẹ́tà náà, ó fi kọ́ sí iwájú ìsọ̀, pẹ̀lú èyí tó wà fún títà.